Ara Kan, Ẹsẹ̀ Púpọ̀: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Alágbàtọ́ Kóòdù



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgbọ̀nà, níhìn-ín ní Òṣogbo. Ó fa àga, ó ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ tó ṣe hàn mí tayọ̀tayọ̀. Nínú kóòdù sáfà tí gbogbo wa jọ ń tọ́jú, ó ti gé ohun gbogbo tó jẹ mọ́ Windows dànù, ó sì gé àwọn kọ̀ǹpútà 32-bit mọ́ ọn. Kóòdù náà fúyẹ́ lóòótọ́, ó mọ́ lójú. Ó ní, "Bàbá, ta ló tún ń fi irú ẹ̀rọ yẹn ṣe sáfà láyé ìsinsìnyí?" Oníbàárà wọlé lákòókò náà, mi ò ráyè dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé, ó sì bá mi sùn, torí pé mo mọ ẹni tó ń lò ó. Mo mọ ibi tí tábìlì rẹ̀ wà. Mo mọ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé sára ẹ̀rọ náà tó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Iṣẹ́ tí a ń ṣe ní orúkọ gígùn lẹ́nu àwọn òyìnbó. Lẹ́nu tèmi ó kúrú: kí sọ́fítíwíà kan náà, tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún gbogbo ayé, lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ lágbájá kó sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tàmẹ̀dò, láì bi ẹnikẹ́ni léèrè pé eélòó ló ra tirẹ̀.

1. Ẹ mọ ẹni tó jókòó níwájú ẹ̀rọ

Nọ́ọ̀sì àgbà ni, ní ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Iléṣà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́ láti London nínú páálí, òun pẹ̀lú aṣọ àti bàtà. Windows ló bá wá, Windows náà ló sì wà nínú rẹ̀ títí dòní, torí pé òun nìkan ni printa tó wà níbẹ̀ ń gbọ́ tirẹ̀. Láàárọ̀, ìyá náà á tan ẹ̀rọ, á dúró kí sáfà wa jí, fóònù méjì àti tábúlẹ́ẹ̀tì kan á wá máa gba ìwé aláìsàn lọ́dọ̀ rẹ̀ látorí Wi-Fi inú ilé. Wọn ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gé Windows kúrò lónìí, kò sẹ́ni tó máa pè é láti sọ fún un. Ẹ̀dà àtijọ́ ló máa kù sí i lọ́wọ́. Ihò yòówù tí a bá sì rí nínú ẹ̀dà náà lẹ́yìn ọ̀la, a ò ní bá a dí i mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń gba ihò kó dátà ọlọ́dàátà kì í sùn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tuntun lèyí ní sàkáání wa. Ní 1989, nígbà tí Ilé-Ifẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, àti Yunifásítì Kuopio ní ilẹ̀ Finland pawọ́ pọ̀ láti fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ilé ìwòsàn Wesley Guild tí gbogbo Ìjẹ̀ṣà mọ̀ ní Iléṣà, abẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ yìí kan náà ló wà. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ lófo. Wọ́n mú FileMan, sọ́fítíwíà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn àwọn ológun-fẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà kọ, tó sì jẹ́ ti gbogbo ayé torí pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Látinú iṣẹ́ yẹn ni ohun tí wọ́n wá pè ní MINPHIS ti jáde, tí àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ mìíràn ní Nàìjíríà náà sì lò. Mikko Korpela ti Kuopio àti Abímbọ́lá Soriyan ti Ifẹ̀ wà lára àwọn tó kọ̀wé nípa ìrìnàjò náà, ó sì yẹ kí ẹ wá ìwé wọn kà.

Báwo ni kóòdù tí wọ́n kọ fún àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá Amẹ́ríkà ṣe wá balẹ̀ sí Ifẹ̀? Inú MUMPS ni wọ́n ti kọ ọ́, èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Massachusetts General ní Boston láàárín 1966 sí 1967, tí wọ́n sì fún ní ìlànà kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà ní 1977. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn tó kọ FileMan ti kọ̀ láti so ara wọn mọ́ ẹ̀rọ oníṣòwò kan ṣoṣo. Wọn ò mọ Ifẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gbọ́ orúkọ Ifẹ̀ rí nígbà náà. Síbẹ̀, kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún Ifẹ̀.

2. Ara kan ni kó ní, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀

Ẹ rìn dé ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo lọ́jọ́ tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀. Irin tó gba ibẹ̀ kọjá, 1,067 mìlímítà ni wọ́n fi jìnnà síra. Irin tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní oṣù kẹfà 2021, 1,435 mìlímítà ni tirẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti Òṣogbo mu ò lè gun ti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkọ̀ náà dáadáa: àga rẹ̀, fèrèsé rẹ̀, ilẹ̀kùn, òrùlé, kò sí èyí tó mọ bí irin ṣe fẹ̀ tó nínú gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ní ààlà Mòngólíà àti Ṣáínà, níbi tí irin méjì tí kò dọ́gba ti pàdé, ńṣe ni wọ́n ń gbé ara ọkọ̀ sókè, wọ́n á pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, èrò á sì jókòó sáàyè wọn títí wọ́n á fi ṣe é tán.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kóòdù ṣe yẹ kó rí. Nínú iṣẹ́ àwọn ará ilé ìwòsàn ológun-fẹ̀yìntì yẹn, ibì kan wà tó ń jẹ́ %ZOSF. Ohun tó bá ti yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì, ibẹ̀ ni wọ́n kó o sí. Ìyókù kóòdù ò mọ ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì bèèrè. PDP-11 kú, VAX dé. VAX náà lọ. Ibi kékeré yẹn ni wọ́n ń tún ṣe, ìwé aláìsàn ò sì sọnù.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn náà gbọ́n bẹ́ẹ̀. nginx tí Igor Sysoev gbé jáde ní 2004 ní láti mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó so mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Linux ní ọ̀nà tirẹ̀ fún un, epoll ló ń jẹ́. FreeBSD ní kqueue. Oníkálukú ní fáìlì tirẹ̀ nínú kóòdù nginx, àárín kò sì dá sí i. Node.js tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ò rí Windows gùn dáadáa títí wọ́n fi kó gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú libuv, tí ẹ̀dà 0.6 fi jáde ní oṣù kọkànlá 2011. Èyí tó wù mí jù ni ti OpenSSH: àwọn ará OpenBSD ń kọ ara ọkọ̀ fún OpenBSD nìkan, kóòdù mímọ́ tónítóní, lẹ́yìn náà ni ikọ̀ mìíràn á wá so ẹsẹ̀ ìyókù mọ́ ọn. Lẹ́tà "p" tí ẹ ń rí nínú orúkọ ẹ̀dà tí ẹ ń lò, àmì ẹsẹ̀ nìyẹn. Àwa ò pọ̀ tó láti pín sí ikọ̀ méjì, ṣùgbọ́n a lè pín fọ́dà sí méjì.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ yẹn wá, mo ka iye ibi tí ọ̀rọ̀ "bó bá jẹ́ Windows" ti fara hàn nínú kóòdù wa. Mọ́kàndínlógójì. Nítorí náà, mi ò dá a lẹ́bi pé ó bínú sí i. Ẹsẹ̀ ti wọ inú òrùlé ọkọ̀. Ká kó wọn jọ síbì kan ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe ká já èrò sílẹ̀.

3. Ẹ ṣọ́ òpin ìlà

Táípúráítà ni mo fi ń jẹun nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìgbọ̀nà. Bí ìlà bá parí, ọwọ́ òsì á ti apá irin náà, nǹkan méjì á sì ṣẹlẹ̀ pa pọ̀: bébà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, rólà á sì yí i sókè ní ìlà kan. Kọ̀ǹpútà jogún ìṣe méjèèjì. Windows ṣì ń kọ àmì méjì sópin ìlà kọ̀ọ̀kan, Linux ń kọ ẹyọ kan. Ojú ò rí ìyàtọ̀ yìí rárá. Mo ti fi odidi ọjọ́ kan wá ìdí tí àṣẹ tó dára lórí Windows fi ń kú lórí Linux lẹ́yìn tí mo fi fláàṣì gbé e débẹ̀. Àmì kan tí mi ò rí ló lẹ̀ mọ́ ìparí ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ wá ń wá ohun tí kò sí. Ẹ fi fáìlì .gitattributes sínú iṣẹ́ yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ kọ òpin ìlà tí ẹ fẹ́ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni.

4. Ẹ má fi àmì ohùn wa ṣeré

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fà mọ́ mi, torí àwọn tó kọ ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tí a ń lò ò ní ìyá tó ń jẹ́ orúkọ tí tiwa ń jẹ́.

Ẹ kọ "Ọ̀ṣun" sílẹ̀. Lójú èmi àti ẹ̀yin, lẹ́tà mẹ́rin ni. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà méjì tó ń gbà kọ ọ́. Lọ́nà àkọ́kọ́, á mú Ọ pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, á gbé àmì ohùn lé e, á mú ṣ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, lẹ́yìn náà u àti n. Ẹyọ márùn-ún nìyẹn. Lọ́nà kejì, á tú wọn palẹ̀: O lásán, àmì abẹ́, àmì ohùn, s lásán, àmì abẹ́, u, n. Ẹyọ méje. Ẹ wá kó wọn sí UTF-8, kí ẹ ka báìtì. Ọ̀nà àkọ́kọ́, báìtì mẹ́wàá. Ọ̀nà kejì, báìtì mẹ́wàá náà! Gígùn wọn dọ́gba, ojú wọn dọ́gba, bí ìbejì. Ṣùgbọ́n sáfà tó ń fi báìtì wé báìtì ò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n.

Ètò fáìlì tí Mac lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, HFS+, máa ń tú orúkọ fáìlì palẹ̀ kó tó pa á mọ́. Linux á pa á mọ́ bó ṣe gbà á. Git gan-an kò rí ọ̀rọ̀ yìí yanjú fún àwọn oní-Mac títí di 2012, nígbà tí wọ́n fi ìlànà core.precomposeunicode kún un. Mo rí ohun tó ń fà pẹ̀lú ojú ara mi. Níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, aláìsàn kan wà tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ọ̀ṣun". Àwọn tó ń lo Mac ti kọ ìfúnpá rẹ̀ sínú fáìlì kan, àwọn tó ń lo fóònù kọ oògùn rẹ̀ sínú òmíràn, fáìlì méjèèjì sì wà nínú fọ́dà kan náà pẹ̀lú orúkọ kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Dókítà ń ka oògùn, kò rí ìfúnpá. Ọlọ́run ló ṣe é tí nọ́ọ̀sì kan fi sọ pé òun mọ̀ pé òun ti wọn obìnrin náà lánàá.

Ohun tí ẹ máa ṣe: lẹ́nu ọ̀nà sáfà yín, níbì kan ṣoṣo, ẹ yí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń wọlé sí ọ̀nà ìkọ̀wé kan náà. NFC, ọ̀nà àkọ́kọ́ tí mo sọ lókè yẹn, ni èmi ń lò. Kí ẹ má sì tan ara yín pé NFC ti sọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di ẹyọ kan, torí ẹ́ àti ọ̀ ò ní ẹyọ tiwọn nínú Unicode títí dòní. Ẹ má fi orúkọ èèyàn sọ fáìlì. Nọ́ńbà ni kí ẹ fi sọ ọ́, kí orúkọ wà nínú rẹ̀. Windows kò tilẹ̀ gba àmì ":" nínú orúkọ fáìlì, ẹni tó bá fi aago 10:30 sọ fáìlì lórí Linux ti di ilẹ̀kùn mọ́ oní-Windows. Windows àti Mac, bí wọ́n ṣe sábà máa ń wà, ka Igbona àti igbona sí ọ̀kan náà, Linux kà wọ́n sí méjì. Yorubaname tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ ní kóòdù rẹ̀ ní gbangba lórí GitHub, orúkọ Yorùbá lórí sáfà sì ni iṣẹ́ wọn. Ẹ lọ kà á.

5. Ẹ rí i dájú pé ó ti wọlé

A ń gbé níbi tí iná ti ń lọ láì dágbére. Nígbà tí sáfà bá sọ fún nọ́ọ̀sì pé "mo ti pa á mọ́", ìlérí ni, ìlérí náà sì ní láti dúró bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ní ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀ lé e. Àṣẹ tí kóòdù fi ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ bóyá ọ̀rọ̀ ti wọ inú dísìkì ni fsync. Orúkọ kan náà ló ń jẹ́ níbi gbogbo, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì dọ́gba níbi gbogbo. Lórí Mac, fsync lè fi ọ̀rọ̀ lé dísìkì lọ́wọ́ kó sì dáhùn pé ó tán, nígbà tí dísìkì ṣì gbé e dání. F_FULLFSYNC lẹ máa lò bí ẹ bá fẹ́ kó wọlé pátápátá.

Ti Linux burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2018, Craig Ringer mú ẹjọ́ kan wá sáàárín àwọn tó ń kọ PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátà: bí kíkọ sí dísìkì bá kùnà, fsync á jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, á ní kò sí wàhálà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti sọnù. FreeBSD kì í ṣe bẹ́ẹ̀, á di ọ̀rọ̀ náà mú kó lè tún un kọ. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń kọ PostgreSQL ní gbangba nígbà náà, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n ló sì wà nídìí rẹ̀. Láti oṣù kejì 2019, bí fsync bá kùnà, PostgreSQL á dá ara rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, á sì tún ọ̀rọ̀ gbé dìde látinú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Kó kú níwájú mi sàn ju kó purọ́ fún mi.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń dán ẹ̀rọ tuntun wò, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀. Kì í ṣe kí ẹ pa á, ẹ yọ wáyà! Ẹ ṣe é nígbà tó ń kọ̀wé lọ́wọ́, kí ẹ wá ka ohun tó kù.

6. Ẹ̀rọ tí ẹ ò fọwọ́ kàn, ẹ má jẹ́rìí fún un

Láti 2004 ni àwọn PostgreSQL ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní buildfarm, Andrew Dunstan ló gbé e kalẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kan tó yàtọ̀, nínú iyàrá rẹ̀ tàbí ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á fún ẹ̀rọ náà ní orúkọ ẹranko, ẹ̀rọ náà á máa kọ́ kóòdù tuntun látìgbàdégbà, á sì máa ròyìn bóyá ó yè tàbí ó kú. Bí ẹnì kan bá ba nǹkan jẹ́ lójú Windows, kò ní pẹ́ tó fi máa gbọ́ lẹ́nu ẹranko kan.

Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí ìbòjú rẹ̀ ti fọ́ wà lábẹ́ tábìlì mi fún Windows. Raspberry Pi kan wà lẹ́yìn fíríìjì, torí pé ibẹ̀ ni wáyà inverter dé. Oníyàwòrán tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń yá wa ní Mac rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Bí ẹ̀rọ irú kan ò bá sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, tí kò sì sí ẹni tó máa yá wa, a ò gbọdọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pé à ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí àlejò bá gbé ẹsẹ̀ tuntun wá fún wa, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí o bá lọ?

7. Ẹ ka ibi tí ẹnikẹ́ni kì í kà

Gbogbo wa la fẹ́ràn láti ka ara ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni ibi tí girisi àti eruku wà, ojú kì í dúró síbẹ̀ pẹ́. Àwọn olè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta 2024, Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ PostgreSQL, ṣàkíyèsí pé wíwọlé pẹ̀lú ssh ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi kan xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan ti gbẹ́ síbẹ̀. Ibo ni wọ́n fi ìpilẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sí? Nínú ìwé àṣẹ tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pé "irú kí ni ọ́?" kí wọ́n tó kọ́ kóòdù lórí rẹ̀. Ìwé yẹn gùn, ó rẹni, gbogbo ayé gbà pé wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Kò tilẹ̀ sí nínú kóòdù tó wà ní gbangba. Inú páálí tí wọ́n dì fún pípín nìkan ló wà.

Alágbàtọ́ kan ṣoṣo ló ń tọ́jú xz tẹ́lẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, àwọn kan sì ń fi lẹ́tà ko ó lójú pé kó fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé bí ó bá rẹ̀ yín, kí ẹ wí. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù. A óò pín in.

8. Bí ẹ bá máa já ẹ̀rọ kan sílẹ̀, ẹ já a sílẹ̀ bí ọmọlúàbí

Mi ò sọ pé kí ẹ gbé gbogbo òkú ẹ̀rọ rìn títí ayé. Nígbà tí ihò Heartbleed tú síta nínú OpenSSL ní oṣù kẹrin 2014, àwọn ará OpenBSD rí i pé OpenSSL ní ọ̀nà tirẹ̀ láti máa pín mẹ́mórì, torí pé àwọn ẹ̀rọ kan lọ́ra níbẹ̀. Ọ̀nà yẹn ló bo ààbò tí ẹ̀rọ tó dára ti ní mọ́lẹ̀. Wọ́n dá LibreSSL sílẹ̀, wọ́n sì gé ohun tó ju 90,000 ìlà kóòdù lọ dànù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ti VMS wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe é dáadáa. PostgreSQL náà já AIX sílẹ̀ ní ẹ̀dà 17 ní 2024. Nígbà mìíràn, ẹni tó ṣèlérí gan-an kọ́ ló ni ọkọ̀: ẹ̀ka kan ní Microsoft ló gbé Redis wá sórí Windows, iṣẹ́ náà dúró ní 2016, àwọn tó ti kọ́lé lé e lórí sì kù síta.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí. Ní oṣù kejì 2021, àwọn tó ń tọ́jú cryptography fún èdè Python gbé Rust wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí Rust ò dé ò lè kọ́ ọ mọ́, àwọn oní-Alpine Linux sì jí lọ́jọ́ kan, wọ́n bá iṣẹ́ wọn nílẹ̀. Èrò wọn dára, Rust dí irú ihò tí C ń ṣí. Wọ́n sì ti sọ ọ́ ṣáájú, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ kì í ṣe ibi tí àwọn tó ń lò ó ń wò. Nọ́ọ̀sì wa ò ní GitHub. Ìkìlọ̀ tó bá máa kàn án ní láti jáde lójú ẹ̀rọ tó ń tàn láàárọ̀, ní Yorùbá, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò parí àti nọ́ńbà tí yóò pè.

9. Ohun tí a óò ṣe nísinsìnyí

Mo gbà pẹ̀lú ọmọ mi lórí 32-bit. Debian 13 tó jáde ní oṣù kẹjọ 2025 ti já 32-bit irú ti Intel (i386) sílẹ̀, kò sí kẹ́nẹ̀lì rẹ̀ mọ́ níbẹ̀, ilẹ̀ tí a dúró lé ti ń lọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣoṣo nínú ọjà Ìgbọ̀nà ló kù tí mo mọ̀ tó ń lò ó. Mo ti bá ìyálọ́jà wọn sọ ọ́, mo sì ti rí kọ̀ǹpútà tokunbo kan fún wọn.

Windows, rárá o. Kò tíì yá. Microsoft fúnra wọn ti dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, òun ló sì wà lórí ẹ̀rọ nọ́ọ̀sì yẹn, nítorí náà ọ̀nà kan tàbí òmíràn, ìyá náà máa kó. Títí yóò fi kó, ẹ dá àwọn ìlà tí ẹ gé padà. Ẹ kó wọn sí fọ́dà kan ṣoṣo, kó má wà níbi mọ́kàndínlógójì mọ́, láptọ́ọ̀pù abẹ́ tábìlì mi á sì máa dán an wò lálaalẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé mò ń lọ sọ́nà Iléṣà. Mo fẹ́ fi Linux sórí dísìkì mìíràn, kí n so ó mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, kí n wò ó bóyá printa yẹn á gbọ́. Ìwọ tí o gé kóòdù náà, àyè kan ṣẹ́ kù nínú mọ́tò. Aago méje àárọ̀ ni mo ń kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mú láptọ́ọ̀pù rẹ dání, kí o sì mú okùn printa tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì, èyí tó gùn.